Ọmọ Orí Òkè Tó Fẹ́ Sanwó Kí Wọ́n Kó Òun Sómi

Èmi kì í ṣe olófòófó, ẹ bi gbogbo Ìkàrẹ́ Àkókó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti dé àdúgbò Jubilee, tó ti bá ọkọ̀ kọjá Àkùngbá, tó ti gun òkè dé Ìwárò Ọ̀kà kí àwọn aláte tó pàtẹ tán, ṣé ìyẹn ṣì kù ní àṣírí ẹnì kan? Wọ́n ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ilé ire o, tó kàwé ìṣirò owó jáde ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, tó sìnlú tán láìsí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn, ló pe ìyá àti bàbá rẹ̀ jókòó lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ó ní òun ti rí iṣẹ́ tí òun fẹ́ ṣe láyé. Màmá ti ń sọ pé Jésù ṣeun, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀ tán. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ni ilé pa lọ́lọ́. Ó ní òun fẹ́ lọ sókè òkun lọ gba ìwé ẹ̀rí divemaster, àwọn tó ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ pọ̀n sẹ́yìn, tí wọ́n ń kó àwọn òyìnbó aláfẹ́ lọ sísàlẹ̀ òkun lọ wo ẹja.

Ẹja! Òkú Èkó tó kún ọjà, ṣé kò tó o wò ni?

Ẹ dákun, ẹ wo ibi tí wọ́n ti bí ọmọ yìí. Ìkàrẹ́ tí àpáta yí ká, Ọ̀kà tó jẹ́ pé orí òkè gan-an ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Omi tó pọ̀ tí ojú wa mọ̀ nílẹ̀ yìí kò ju ti ìsédò Awara lọ. Kẹ́ẹ̀gì ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa gbé dàgbà, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Ẹni tó tibẹ̀ jáde ló wá ń sọ pé òkun ń pe òun. Ìyá àgbà kan bèèrè bóyá wọ́n ti yẹ orí ọmọ náà wò, torí ó lè jẹ́ Olókun ló ní i. Àwọn ìyá ìjọ ní Òkè Màríà kò jìnnà sí Ọ̀kà, kí wọ́n mú un gòkè lọ gbàdúrà. Alhaji tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò ní kò sí ohun tó ń ṣe ọmọ ju fóònù lọ. Ti Alhaji ni mo fara mọ́.

Mo lọ wádìí, torí bí èèyàn bá máa bu ẹnu àtẹ́ lu nǹkan, ó yẹ kó mọ̀ ọ́n tinú-tòde. Nínú àwọn tó ń fúnni níwèé yìí, PADI lorúkọ rẹ̀ dún jù, ẹgbẹ́ tí ọkùnrin méjì ní Amẹ́ríkà, John Cronin àti Ralph Erickson, dá sílẹ̀ ní 1966. Wọn kì í ti ibi divemaster bẹ̀rẹ̀. Ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà tó ń múni dé mítà 18 nísàlẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e ń múni dé 30, lẹ́yìn náà ni ti ìgbàlà, tí wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ẹni tí omi ń gbé lọ jáde. Kí ọmọ tó lè bẹ̀rẹ̀ ti divemaster, ó gbọ́dọ̀ ti mùwẹ̀ ní ìgbà 40. Kí wọ́n tó fún un níwèé, ó gbọ́dọ̀ ti pé 60. Dókítà á fọwọ́ sí i pé etí rẹ̀ pé, pé ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á ní kó lúwẹ̀ẹ́ fún mítà 400 láìdúró, kó léfòó lójú kan fún ìṣẹ́jú 15, kó wọ́ ẹlòmíràn fún mítà 100. Ọmọ tí à ń wí yìí ńkọ́? Wọ́n ní ìgbà àkọ́kọ́ tí omi kọjá orúnkún rẹ̀, ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Àkúrẹ́ ni, nígbà tó lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ní kí àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó wá ṣeré nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kò sóhun rere tó ń ti òtẹ́ẹ̀lì jáde.

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, torí mi ò fẹ́ pariwo èyí. Aṣọ tí wọ́n ń wọ̀, rọ́bà ni, ó sì fún mọ́ra débi pé ẹni tó bá jẹun kó tó wọ̀ ọ́, gbogbo ọkọ̀ ni yóò mọ oúnjẹ tó jẹ. Ìyẹn tún sàn, torí níbi tí omi bá ti gbóná, àwọn míì kì í wọ rọ́bà ọ̀hún rárá, pátá àti kọ́mú ti tó wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn kì í dá wọ omi, méjì-méjì ni. Kí wọ́n tó bọ́ sílẹ̀, ẹnì kìíní á yẹ ẹnì kejì wò, á fa okùn èjìká rẹ̀, á fọwọ́ kan ìgbànú ìdí rẹ̀, á wò ó bóyá ìdè àyà rẹ̀ le dáadáa. Ẹni tí wọ́n bá pín mọ́ ọ lo máa yẹ̀ wò, kì báà ṣe ọkùnrin, kì báà ṣe ọkọ ẹlòmíràn. Ní ti ìgbàlà, wọ́n á tún kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń mí sí ẹnu ẹni tó dákú lójú omi. Ìyá ìjọ kan tó gbọ́ eléyìí fi etí gèlè bojú. Ó ní, "Ẹnu sí ẹnu? Pẹ̀lú àjòjì?" Ẹnì kan dá a lóhùn pé ẹ̀mí ni wọ́n ń gbà là, Màmá. Ó ní kí ẹ̀mí náà dúró de ìyàwó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn kéré. Ibi tí ọmọ fẹ́ lọ gan-an ni ìjà wà. Kò mú ibì kan ṣoṣo wálé. Ó kó ìlú márùn-ún jọ bí ọmọge tó ń ṣa àfẹ́sọ́nà, ó tò wọ́n síwájú bàbá, ó ní kí bàbá súre fún ọ̀kan. Ní tèmi, n kì í jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ ẹni tí a ò tíì wádìí ìdílé rẹ̀.

Koh Tao ní Thailand ni ọkàn ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Erékùṣù kékeré kan ni, gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 21 lọ, síbẹ̀ dọ́sìn-dọ́sìn ni ilé ẹ̀kọ́ òmùwẹ̀ tò síbẹ̀. Omi rẹ̀ gbóná, ó mọ́, owó rẹ̀ kò sì gani lára jù, torí pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún dọ́là kan àti díẹ̀ lórí rẹ̀, wọ́n á kọ́ ọ ní divemaster. Títí dé ibí, ó dùn ún gbọ́. Ó wá ku kí a bèèrè àwọn tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò. Koh Phangan! Níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ti ń péjọ sétíkun ní gbogbo òru tí òṣùpá bá kún, tí wọ́n ń fi ọ̀dà tó ń tàn kun ara, tí wọ́n ń mu ọtí nínú garawa títí ilẹ̀ á fi mọ́. Garawa ni mo wí o, mi ò pè é ní ife. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba ilẹ̀ náà yọ igbó kúrò lára oògùn olóró, ṣọ́ọ̀bù igbó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù lójú títì kó tó di pé wọ́n tún fún okùn mọ́ ọn ní 2025. Lórí Koh Tao fúnra rẹ̀, wọ́n pa ọ̀dọ́ méjì tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sétíkun ní oṣù kẹsàn-án 2014, àwọn oníwèé ìròyìn wọn sì sọ ibẹ̀ ní erékùṣù ikú. Ìdílé yìí gbọ́ gbogbo rẹ̀ o. Ohun tí wọ́n bèèrè ni pé ṣé ọ́fíìsì físà Thailand wà ní Èkó tàbí ní Àbújá.

Mi ò tíì dé ibi tí mo ń lọ. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá parí ẹ̀kọ́ ní irú àwọn etíkun bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní snorkel test. Kò sí nínú ìwé PADI, àwọn òmùwẹ̀ ló fi ọwọ́ ara wọn dá a sílẹ̀. Wọ́n á gbé awò omi bo ojú àti imú rẹ̀ kó má lè fimú mí, wọ́n á ki snorkel, páìpù tí wọ́n fi ń mí lójú omi, sí i lẹ́nu, wọ́n á wá fi àrọ da àdàlù ọtí sínú páìpù náà. Kó yáa gbé e mì, àwọn èrò á sì máa hó. Ayẹyẹ ìwé ẹ̀rí nìyẹn! Níbí, bí ọmọ iṣẹ́ bá gba fírídọ̀ọ̀mù, ọ̀gá á gbé ọwọ́ lé e lórí, á gbàdúrà, wọ́n á pín ráìsì, wọ́n á ya fọ́tò. Ẹ má bá mi jiyàn, mo mọ̀ pé bíà ń wà níbẹ̀ náà. Àmọ́ kì í ti inú páìpù wá.

Èkejì ni Dahab ní Íjíbítì, létí Òkun Pupa. Bàbá fẹ́ràn èyí, torí ó ní òkun tí Mósè là kọjá kò lè pa ọmọ onígbàgbọ́. Ẹnikẹ́ni kò rán an létí pé inú Bíbélì kan náà ni àwọn tí òkun náà gbé wà. Ihò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Blue Hole, ó jìn ju mítà 100 lọ, ojú ọ̀nà kan sì wà lára ògiri rẹ̀, ní nǹkan bíi mítà 55 nísàlẹ̀, tó ń tan àwọn aláṣejù wọlé. Bẹ́ẹ̀ mítà 40 ni wọ́n fi lélẹ̀ ní òpin fún ẹni tó ń mùwẹ̀ fún fàájì. Àwọn tó ti bá a lọ pọ̀ débi pé wọ́n kọ orúkọ wọn sára pátákó, wọ́n kan án mọ́ àpáta ẹ̀bá omi, gbogbo ẹni tó ń bọ̀ wá gbafẹ́ ń rí i kó tó wọlé. Irú àfẹ́sọ́nà wo ló ń kọ orúkọ àwọn ìyàwó rẹ̀ tó ti kú sẹ́nu ọ̀nà?

Utila ní Honduras ni ẹ̀kẹta, lókun Karíbíà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò wọ́n, wọ́n sì ń rí whale shark níbẹ̀, ẹja tó lè gùn ju mítà 10 lọ tí kì í sì í jẹ èèyàn. Lórí Roatán, erékùṣù ìtòsí rẹ̀, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn Garifuna lọ dà sí ní 1797, èèyàn dúdú bíi tiwa. Ìyẹn tù mí lára díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara ọmọ kò bá yá, ta ni yóò lọ wò ó ní Honduras? Màmá tó jẹ́ pé láti Ìkàrẹ́ dé Ìbàdàn, ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń gbógun ti ẹ̀yìn dídùn? Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Àbúrò ìyá, Alhaja, ló fọwọ́ sí Zanzibar. (Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará Àkókó, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu o, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń jẹ nínú àwo kan nílé wa.) Ó ní ilẹ̀ Áfíríkà ni, wọ́n ń pe ìrun ní Stone Town láti ìdájí, wọ́n sì ń bẹ àlejò kó bo èjìká àti orúnkún bó bá wọ ìgboro. Alhaja ní ibi tó yẹ ọmọlúwàbí nìyẹn. Ó gbàgbé pé wọn kì í mùwẹ̀ ní ìgboro. Nungwi, ní ṣóńṣó àríwá erékùṣù náà, ni àwọn aláfẹ́ ń rọ́ lọ, etí òkun náà sì ní ìwà tirẹ̀ bí oòrùn bá ti wọ̀. Àbí híjáàbù lẹ rò pé wọ́n ń wọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń kó òmùwẹ̀ lọ sí erékùṣù Mnemba láàárọ̀?

Ẹ̀karùn-ún ni Sal, ní Cape Verde. Kí n sọ òótọ́ bó tilẹ̀ dùn mí: bí wọ́n bá dì mí lọ́wọ́, tí wọ́n ní dandan kí n fi ọmọ mi fún ọ̀kan, òun ni n ó fi í fún. Ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS ni wọ́n. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 1979 ló ní kí ọmọ Nàìjíríà lè wọ ilẹ̀ wọn fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ẹni tó bá sì ti ṣe àwọn ìpele ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè parí ti divemaster láàárín àkókò yẹn. Àtìláńtíìkì kan náà tó ń wẹ Èkó ló ń wẹ̀ ẹ́. Kí ni ọmọ wí? Ó ní Sal kò lórúkọ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ òun lórí Instagram. Háà! Ọmọ ti fẹ́ orúkọ, kò fẹ́ ọkọ.

Wọ́n ní ìpàdé ẹbí náà kò tú títí ilẹ̀ fi ṣú, aṣọ ni wọ́n sì jà lé lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣé yóò bo itan? Ṣé yóò bo ẹ̀yìn? Ẹ̀gbọ́n bàbá ní kí wọ́n rán ti ọmọ náà lọ́tọ̀ lọ́wọ́ télọ̀. Ohun tó bí mi nínú nìyí! Gbogbo ẹnu tó wà níbẹ̀, kò sí èyí tó bèèrè pé ta ni yóò sanwó fún ta ni. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní internship ní àwọn erékùṣù wọ̀nyí. Ọmọ á sanwó ẹ̀kọ́, á sì tún máa sìn wọ́n. Òun ni yóò gbé àgbá afẹ́fẹ́ láti ṣọ́ọ̀bù dé ọkọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó nǹkan bíi kílò 14, òun ni yóò fọ aṣọ rọ́bà tí àwọn aláfẹ́ ti tọ̀ sí (wọ́n ń tọ̀ sí i, ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀), òun ni yóò ka orí wọn bí wọ́n bá gòkè. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà míì ọ̀pọ̀ oṣù, kọ́bọ̀ kò ní wọ àpò rẹ̀. Èrè rẹ̀ ni pé wọ́n á jẹ́ kó mùwẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ tó ka ìṣirò owó o! Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ náà ń gbálẹ̀ ọ̀gá, mo gbà, ṣùgbọ́n bó bá gba fírídọ̀ọ̀mù tán, ìhòòhò kò tán ní Ìkàrẹ́. Èyí, bó bá darí dé, ta ni yóò mú lọ wo ẹja? Nínú ọ̀sà Èkó, ẹrẹ̀ kò jẹ́ kí èèyàn rí ọwọ́ ara rẹ̀. Tàbí Awara ni yóò kó wọn lọ?

Bàbá náà ní ká má fi ọmọ òun ṣẹ̀sín, pé owó epo wà lábẹ́ omi ní Warri, ó sì ń fi Harrison Okene ṣe ẹ̀rí. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ti Okene. Alásè ni, nínú ọkọ̀ Jascon-4 tó dojú dé lẹ́bàá Escravos ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún 2013. Èèyàn 12 ló wà nínú ọkọ̀, òun nìkan ló yè é. Ó lé ní ọjọ́ méjì tó fi wà nínú òkùnkùn, ní nǹkan bíi 30 mítà sísàlẹ̀, nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sábẹ́ àjà yàrá kan, kí àwọn òmùwẹ̀ tó wá kó òkú tó rí ọwọ́ tó ń mì. Wọn kò sì lè fà á gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ tí èèyàn mí sínú níbi tó jìn bẹ́ẹ̀ ti tẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, bó bá yára gòkè, yóò hó nínú iṣan rẹ̀, ó lè rọ ọ́ lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó lè pa á. Inú yàrá onírin kan ni wọ́n gbé e sí fún ọjọ́ méjì àti díẹ̀, tí wọ́n ń dín agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ló padà lọ kọ́ iṣẹ́ òmùwẹ̀. Iṣẹ́ òmùwẹ̀ tilé-iṣẹ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa, kì í ṣe ti aláfẹ́. Àwọn yẹn, akoto ni wọ́n ń dé sórí, láti inú ọkọ̀ lókè ni ọ̀pá rọ́bà ti ń rán afẹ́fẹ́ sí wọn, wọ́n ń jó irin pọ̀, wọ́n ń tún páìpù ṣe. Káàdì divemaster kò ṣí ilẹ̀kùn kankan fún ènìyàn níbi iṣẹ́ epo. Ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ nítorí ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ máa fi èkejì ṣe àlá.

Yàrá onírin yẹn náà, nínú ìlú márùn-ún tí ọmọ kó wálé, kò sẹ́ni tó bèèrè bí ó ti jìnnà tó sí ibi tí yóò ti máa mùwẹ̀, tàbí ẹni tí yóò sanwó rẹ̀ bó bá di dandan. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé lẹ́yìn tó bá ti mùwẹ̀ ní àmùtúnmù, ó gbọ́dọ̀ dúró fún wákàtí 18 ó kéré tán kó tó wọ bàálù. Itan ni wọ́n ń wò.

Bó bá sì jẹ́ òkun lásán ló ń wù ú, Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà ni àwa àti Ìlàjẹ. Kó wọkọ̀ lọ sí Igbókọ̀dá. Àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n rìn wà níbẹ̀, wọn kò sì gba snorkel test. Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947 ti fi ilé, ojú ọ̀nà àti ibojì bàbá wọn fún òkun, wọ́n ṣì ń ké sí ìjọba. Ìlàjẹ ń sá fún òkun, Àkókó ń sanwó lọ bá a.

Èyí tó tuntun jù tó ta sí mi létí, kí n tó gbé bírò sílẹ̀: wọ́n ní bàbá ti mú alágbàtà lọ wo ilẹ̀ kan lọ́nà Ayégúnlẹ̀ Ọ̀kà. Wọ́n ní ìyá ti gbà, ó kàn ní kí aṣọ rọ́bà náà gùn dé ọrùn ẹsẹ̀, kó sì dúdú. Àbúrò ọmọ náà ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, ti wá ń bèèrè bóyá wọ́n lè gba òun náà. Wọn kò lè gbà á, ọdún 18 ni wọ́n fi lélẹ̀ fún divemaster. Ó ní kò burú. Ó ní òun yóò ṣì máa lọ sí òtẹ́ẹ̀lì Àkúrẹ́ yẹn ná.